Pẹpẹ Ìdí Àràbà

Obìnrin tó bá ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti oko Aládé wá sí Odode ní Ìdànrè kò lè dá ẹrù rẹ̀ sọ̀. Níbẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mẹ́rin nínú agbọ̀n kan, ẹrù tí ọkùnrin ń mí hẹlẹ lábẹ́ rẹ̀ ni. Bí ó bá wà lórí obìnrin tó tún pọn ọmọ, ẹnìkan gbọ́dọ̀ bá a gbé e kalẹ̀, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ bá a gbé e rù padà. Ẹni tó bá fẹ́ dá a ṣe yóò rọ́ ọrùn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ yóò sì fọ́ dànù.

Ìdí Àràbà wà lójú ọ̀nà náà, níbi tí ọ̀nà ti gun òkè díẹ̀ lábẹ́ àpáta kí ó tó dà wọ Odode. Kò sí ẹni tó lè ti oko dé ọjà láì sinmi níbẹ̀. Àwọn alárobọ̀, tó ń ra ọjà oko láti tún un tà, mọ èyí dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, kí ìrì tó gbẹ, wọ́n á ti jókòó síbẹ̀, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á máa retí. Bí obìnrin oko bá ti yọ lókèèrè, wọ́n á dìde.

"Ẹ kú ẹrù o! Ẹ wá kí n sọ̀ yín!"

Òfin wọn ni pé ẹni tó bá sọ̀ ọ́ nìkan ló lè dá owó lé ọjà rẹ. Alárobọ̀ mìíràn kò gbọdọ̀ dá sí i. Bí owó náà kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, o lè kọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tí yóò fi ipá mú ọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rù ọ́? Àwọn alárobọ̀ tó kù á máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá òṣùpá lọ́sàn-án. Obìnrin oko ẹlẹgbẹ́ rẹ kò ní sún mọ́ ọ, nítorí bí ó bá rù ọ́ lónìí, kò ní sí ẹni tí yóò sọ òun náà lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Oòrùn á máa gòkè, ọmọ ẹ̀yìn rẹ á máa ké. Bó pẹ́ bó yá, o ó gba owó náà.

Moríyọ̀ kò ka èyí sí ìyà. Láti Ìkìrun ni òun àti Àjàgbé, ọkọ rẹ̀, ti wá. Àjàgbé ń tọ́jú oko kòkó fún Babárìndé, àgbàlagbà ọmọ Ìdànrè kan, wọ́n sì jọ ń pín ohun tí oko náà bá so. Ti ọkùnrin méjèèjì ni kòkó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gbìn sáàárín kòkó kí ó lè ṣíji bò ó, ti Moríyọ̀ ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé Ìdí Àràbà, ìyàwó tuntun ni, kò sì mọ ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan tó sanra, tó da ìborùn funfun borí, ló yára pàdé rẹ̀, ó sọ̀ ọ́, ó sì mú òṣùká orí rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wò ó.

"Ta ló ká òṣùká yìí fún ọ?"

"Èmi ni, mà."

"Èyí kì í ṣe òṣùká. Ìtẹ́ adìẹ ni. Jókòó kí n kọ́ ọ."

Kùdírátù ni obìnrin náà. Nítorí àkọ́bí rẹ̀, Mùyídéènì, Ìyá Mùyí ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọ̀kan lára àwọn Mùsùlùmí tó ń ṣòwò ní Odode ni, kò sì sí alárobọ̀ tó mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó o. Ó ká òṣùká, ó bu omi fún Moríyọ̀, ó wá dá owó lé ọjà rẹ̀: sísì kan, ìyẹn kọ́bọ̀ mẹ́fà, fún ìdì kan. Moríyọ̀ gbà á tọpẹ́tọpẹ́.

Nígbà tí Moríyọ̀ bí Gbémisọ́lá, ìyá tó bí i lọ́mọ wà ní Ìkìrun, òjò sì ti ba ọ̀nà jẹ́. Kùdírátù fẹsẹ̀ rìn wá sí Aládé. Ó sùn sórí ẹní wọn, ó ń wẹ ọmọ títí ìwọ́ rẹ̀ fi já, ó sì ń bá Àjàgbé wí nítorí igi tútù.

"Ṣé èéfín lo fẹ́ fi wo ìyàwó rẹ ni? Lọ wá igi gbígbẹ, ìwọ ọkùnrin yìí!"

Àjàgbé, tí kì í ti ẹnu ẹnikẹ́ni gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, lọ wá igi gbígbẹ. Láti ìgbà náà, bí alárobọ̀ mìíràn bá na ọwọ́ sí ẹrù Moríyọ̀ ní Ìdí Àràbà, Kùdírátù á lọgun: "Gbọ́wọ́ ẹ kúrò níbẹ̀! Ọmọ mi nìyẹn!" Moríyọ̀ fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ. Ìlú àjèjì ni, ó sì dùn kí ènìyàn jẹ́ ọmọ ẹnìkan níbẹ̀.

Láti Ìdí Àràbà ni ó sábà máa ń padà sílé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ọjà kan ní ọdún 1953, iyọ̀ tán nílé, ó sì wọ Odode lọ. Nígbà tó ń kọjá lẹ́bàá ibùdókọ̀, ó rí ọkọ̀ Matthias, oníṣòwò tó máa ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ó rí Kùdírátù tó dúró lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Ó sì rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tirẹ̀, nítorí Àjàgbé ní bí ó ṣe máa ń ta kókó ìtàkùn sí ọrùn ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tó ń ta á bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ iye tí Kùdírátù pè é, ó sì gbọ́ nígbà tí Matthias ní kò burú. Ṣílè kan àti sísì fún ìdì kan, kọ́bọ̀ méjìdínlógún.

Kùdírátù kò rí i. Moríyọ̀ yí padà, ó gba ọ̀nà Aládé lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Àjàgbé tọ́ ọbẹ̀ wò, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Gbémi, ọbẹ̀ yìí."

"Kò síyọ̀ níbẹ̀."

"Ṣé o kò dé Odode ni?"

"Mo dé ibẹ̀."

Àjàgbé ń jẹun lọ. Kì í fi oúnjẹ sílẹ̀, ìbáà ṣe oníyọ̀ tàbí aláìníyọ̀. Ó dúró de ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ sì dé.

"Ìlọ́po mẹ́ta ni, Bàbá Gbémi. Ọ̀nà Ìdí Àràbà sí ibùdókọ̀ kò gùn débi tí yóò rẹ ènìyàn. Kí ni Ìyá Mùyí ṣe sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi lójú ọ̀nà yẹn? Ṣé ó sè é ni? Ṣé ó ta epo sí i?"

"Ó ṣètò bí wọ́n ṣe gbé e débẹ̀."

"Èmi tí mo gbé e láti oko ńkọ́?"

Àjàgbé bu òkèlè mìíràn.

"Bó bá jẹ́ àjèjì ni," Moríyọ̀ ní, "n kò ní bínú. Àjèjì kò ní ṣàìṣe bí àjèjì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó wẹ ọmọ mi ni. N kò fẹ́ bá a jà. Mo kàn fẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi tó iye tó tó, kí n má sì pàdánù rẹ̀."

"Ọjọ́ tó bá tún dá sísì lé e, kọ̀ ọ́."

"Kí n kọ̀ ọ́! Ta ni yóò rù mí? Ẹ̀yin?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àjàgbé ní kí ó wá fẹ̀yìn ti òpó ẹnu ọ̀nà. Ó mú èédú, ó fi fa ilà sára òpó náà ní ìwọ̀n orí rẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ rán ẹ̀wù fún mi ni?"

"Dákẹ́. Bí o bá ń sọ̀rọ̀, orí rẹ ń gbéra."

Ó gé ọparun, ó gé igi mẹ́rin tó lágbára. Lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, ó ru wọ́n lọ sí Ìdí Àràbà, ó ri òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀, ó sì tẹ́ ọparun lé e lórí. Pẹpẹ ni, ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ilà èédú. Ẹni tó bá ru ẹrù, tó ga bíi Moríyọ̀, kàn ní láti sún mọ́ ọn, kí ó rọ eékún díẹ̀, kí ó sì ti agbọ̀n kúrò lórí sórí ọparun. Bí ó bá fẹ́ ru ú padà, kí ó ki orí bọ abẹ́ agbọ̀n létí pẹpẹ, kí ó sì na eékún. Kò nílò ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ ọjà, àwọn alárobọ̀ bá pẹpẹ náà níbẹ̀. Wọ́n yí i po.

"Ta ló kọ́ ilé adìẹ sójú ọ̀nà?"

"Adìẹ wo ló ga tó báyìí? Igún ló ni ín."

"Bóyá ìjọba ló fẹ́ wá ka orí wa," Kùdírátù ní, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ni Moríyọ̀ yọ. Kùdírátù dìde bó ṣe máa ń dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ọmọ mi, wá kí n sọ̀ ọ́." Moríyọ̀ kí i, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ náà, ó lọ bá pẹpẹ, ó rọ eékún, agbọ̀n sì jókòó sórí ọparun. Ó nu òógùn ojú rẹ̀.

"Mo ti sọ̀, mà. Ẹ ṣé."

 Kùdírátù sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ó dára," ni ó ní. "Sísì."

"Rárá, mà."

"Sísì àti kọ́bọ̀."

"Rárá, Ìyá Mùyí. Ẹ má bínú. Mo fẹ́ gbé e dé ẹnu mọ́tò fúnra mi." Ó ki orí bọ abẹ́ agbọ̀n, ó na eékún, ó sì lọ. Láti ìgbà tí àwọn alárobọ̀ ti ń jókòó sí Ìdí Àràbà, ẹnikẹ́ni kò tíì ru ẹrù tí wọ́n ti dá owó lé kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ọmọ́yẹlé, obìnrin oko mìíràn, dé. Ọmọ Ìdànrè ni, ó kúrú, ẹnu rẹ̀ kò sì kúrú. Ó ti rí ohun tí Moríyọ̀ ṣe láti ìsàlẹ̀ òkè, kò sì dúró rò ó. Ó sáré sún mọ́ pẹpẹ, ó fò díẹ̀ kí ó lè tó o, agbọ̀n kọlu etí ọparun, gbogbo ẹrù sì dà wálẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń yí lọ sísàlẹ̀ òkè, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Àwọn alárobọ̀ rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn.

"Àjàgbé!" Ọmọ́yẹlé kígbe sí ọ̀nà Aládé bí ẹni pé ọkùnrin náà lè gbọ́. "Ṣé ìyàwó rẹ nìkan ni obìnrin láyé?"

Òótọ́ ló sọ. Àjàgbé wọn ìyàwó rẹ̀, kò wọn ẹlòmíràn. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ lè ṣe àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Kùdírátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ, ó ń ṣa ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú koríko, ó ń kó o sínú ìborùn rẹ̀. Nígbà tó gòkè padà, ó ra gbogbo rẹ̀, èyí tó fara pa àti èyí tí kò fara pa. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sílé.

Ní ibùdókọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ Matthias ga bíi pẹpẹ gan-an, Moríyọ̀ sì ti agbọ̀n rẹ̀ sórí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Matthias wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Madam mi dà? Ìyá Mùyí?"

"Èmi ni mo ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí."

"Ìwọ? Ìdì mẹ́rin? Ìyá Mùyí ń fún mi ní àádọ́ta lẹ́ẹ̀kan, ó ti ṣa èyí tó gbó sọ́tọ̀, ó ti ṣa èyí tí kò gbó sọ́tọ̀. Ṣé kí n máa dúró de mẹ́rin mẹ́rin títí ilẹ̀ yóò fi ṣú?" Ó fi ọwọ́ gbọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. "Ṣílè kan."

Ṣílè kan kì í ṣe ṣílè kan àti sísì, ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì owó Ìdí Àràbà ni. Moríyọ̀ gbà á. Ó ra iyọ̀, ó ra ẹja, ó sì ra ọṣẹ. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń padà lọ, ó ń rí ọwọ́ Kùdírátù tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àjàgbé kọ́ pẹpẹ mìíràn tó rẹlẹ̀ fún Ọmọ́yẹlé àti àwọn obìnrin kúkúrú. Ní ọjà tó tẹ̀ lé e, obìnrin púpọ̀ ló sinmi lórí pẹpẹ méjèèjì, wọ́n kọ sísì, wọ́n sì kọjá lọ bá Matthias. Àwọn alárobọ̀ pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Àwọn kan lọ máa pàdé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ọ̀nà Ofosu. Kùdírátù kò wá sí Ìdí Àràbà mọ́. Moríyọ̀ rí i nígbà kan lókèèrè lọ́jà, ó kúnlẹ̀ kí i. Kùdírátù dáhùn, ṣùgbọ́n Ìyàwó Àjàgbé ni ó pè é.

Matthias náà kíyè sí i pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ná lẹ́nu mọ́tò. Ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá.

Òjò ńlá dé, afárá ọ̀nà Àkúrẹ́ sì wó. Lọ́jọ́ ọjà, àwọn obìnrin oko kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé ibùdókọ̀, wọn kò bá ọkọ̀ kankan níbẹ̀. Wọ́n dúró títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Kò sí alárobọ̀ kankan tó fẹ́ rà á, nítorí kò sí ibi tí yóò gbé e lọ. Ta ni yóò tún ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ padà lọ sí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀? Wọ́n fi í sábẹ́ àtíbàbà kan, wọ́n lọ sílé. Nígbà tí wọ́n padà dé, àwọ̀ rẹ̀ ti ń di ìyeyè, eṣinṣin sì ti gbọ́. Oúnjẹ tí ènìyàn fi ọrùn rẹ̀ gbé, tó wá ń rà dànù nílẹ̀, kò sí ohun tó burú jù ú lọ láti wò.

"Nígbà tí Ìyá Mùyí wà níbẹ̀," Ọmọ́yẹlé ní, "ṣé ọkọ̀ wá, ṣé ọkọ̀ ò wá, ó ń rà á."

"Sísì ló ń rà á," obìnrin kan dáhùn.

"Sísì dà nísinsìnyí? Fi hàn mí. Moríyọ̀, ìwọ àti ọkọ rẹ tó ń kọ́ pẹpẹ, kí ló kàn?"

Moríyọ̀ pọn ọmọ rẹ̀, ó sì lọ sí ilé Kùdírátù.

Ó bá a ní ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ àtíbàbà, lórí àpótí, pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Òkìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù tó rà lọ́nà Ofosu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń bó o, ó ń gé e wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò omi gbígbóná, èyí tó ti bọ̀ sì wà lórí àjà lókè iná, ó ń gbẹ.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Mùyí."

"Ta nìyẹn?" Ó ti rí i.

"Èmi ni, mà. Moríyọ̀."

"Moríyọ̀ wo? Onípẹpẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Oníṣòwò ńlá. Mo rò pé Ìbàdàn lò ń gbé báyìí." Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó na ọwọ́. "Gbé ọmọ wá. Òun kò ṣẹ̀ mí."

Moríyọ̀ tú ọmọ sílẹ̀, Kùdírátù gbé e lé itan, ọmọ náà sì di ìborùn rẹ̀ mú. Moríyọ̀ mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Má bó o nípọn bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ lò ń gé dànù."

"Ẹ má bínú, mà."

"Ọmọ́yẹlé sọ fún mi pé o ń bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ pé kí ni mo ń ṣe sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín Ìdí Àràbà sí ẹnu mọ́tò. O ní ṣé mo ń sè é ni. Wò ó! Mò ń sè é. Nígbà tí ọkọ̀ kò bá wá, tí èyí tí mo rà bá wà nílẹ̀, èmi ni mo máa ń bó o tí mo máa ń sọ ọ́ di èlùbọ́, kí ó má bàa rà. Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín ti béèrè rí?"

Moríyọ̀ wo àjà, ó wo ìkòkò, ó wo ọwọ́ Kùdírátù tí oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti sọ di dúdú.

"A kò béèrè, mà. N kò mọ̀."

"Ó yẹ kí o mọ̀."

"Ó yẹ. Ṣùgbọ́n, Ìyá Mùyí, kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ máa ń ṣàìwá. Ọjọ́ tó ń wá pọ̀ ju ọjọ́ tí kì í wá lọ. Ti àwọn ọjọ́ tó wá ńkọ́? Ìlọ́po mẹ́ta ni."

 Kùdírátù gbé ojú sókè sí òrùlé ilé rẹ̀, páànù tuntun ń dán lábẹ́ òjò.

"Ibẹ̀ ló wà," ni ó ní. "Òun ni mo fi kan páànù. Òun náà ni mo fi fẹ́ ìyàwó fún Mùyí. N kò ní purọ́ fún ọ nínú ilé mi. Ohun tí wọ́n kọ́ mi nídìí òwò ni pé iye tí ẹni tó ru ẹrù bá gbà, òun ni iye ọjà. N kò ronú kọjá ibẹ̀."

"Ẹ ṣé tí ẹ sọ òótọ́, mà."

"Kì í ṣe ìyẹn ló dùn mí. O kọjá lára mi. Mo na ọwọ́ sí ọ, o kọjá, gbogbo wọn sì ń wò. Ṣé o kò lè wá bá mi nílé kí o sọ ọ́ ni?"

"Bí mo bá wá, ẹ ó fi tọ́rọ́ kan lé owó mi, ẹ ó fún mi ní gèlè kan, inú mi á dùn, n ó sì padà lọ sílé."

Kùdírátù wò ó. Ẹ̀rín ń bọ̀, ó sì ń gbìyànjú láti dá a dúró.

"Irú gèlè wo?"

"Èyí tó ní òdòdó, mà."

Ẹ̀rín náà bọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ orí itan rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Kí lo wá ṣe?"

"Mo fẹ́ kí ẹ máa bá wa ná ọjà lọ́dọ̀ Matthias. Ó ń bẹ̀rù yín. Kò bẹ̀rù mi. Ó ti já wa sí kọ́bọ̀ mẹ́wàá."

"Kọ́bọ̀ mẹ́wàá! Olè! Ẹ̀yin náà sì gbà á?" Lẹ́yìn náà ni ó rántí ìbínú rẹ̀. "Kí n wá máa ṣe ìránṣẹ́ fún àwọn obìnrin oko? Èmi?"

"Kì í ṣe lásán, mà. Ìdì kan nínú agbọ̀n mẹ́ta mẹ́ta, tiyín ni. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ kò bá wá, ẹ ó máa rà á ní sísì bí ẹ ṣe ń ṣe, ẹ ó fi ṣe èlùbọ́."

"Agbọ̀n mẹ́ta! Ṣé sàráà ni mo bẹ̀ ọ́? Ìdì kan nínú agbọ̀n kọ̀ọ̀kan."

"Agbọ̀n méjì, mà."

"O ti le jù. Ta ló kọ́ ọ ní ọjà ná?"

"Ẹ̀yin ni."

Kùdírátù mi orí. Kò gbà, kò sì kọ̀. "Lọ kó àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn wá, kí gbogbo rẹ̀ tó bàjẹ́. Ti òní, sísì ni. Ti Matthias, n ó rò ó wò."

Wọ́n kó o wá. Èyí tó ti rà jù, wọ́n dà á fún ewúrẹ́. Èyí tó pọ́n, wọ́n pín in fún àwọn ará àdúgbò láti dín. Èyí tó kù, wọ́n jọ bó o, gbogbo obìnrin oko náà, ní ẹ̀yìnkùlé Kùdírátù, Kùdírátù sì ń kọjá láàárín wọn, ó ń wo bí èèpo wọn ṣe nípọn tó.

Nígbà tí wọ́n tún afárá ṣe tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá, Moríyọ̀ ru ẹrù rẹ̀ dé Ìdí Àràbà, ó gbé e lé pẹpẹ. Kùdírátù kò sí níbẹ̀. Kò sí alárobọ̀ kankan níbẹ̀. Ó dúró díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń wo ọ̀nà Odode, ọkàn rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

"Ó ti kọ̀," Ọmọ́yẹlé ní.

"Jẹ́ ká lọ."

Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Kọ́bọ̀ mẹ́wàá, Matthias? Fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ Aládé? Ìwọ tó jẹ́ pé omi ilé mi lo kọ́kọ́ mu nígbà tí o wọ ìlú yìí?"

"Madam, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́..."

"Ẹnu mi kò mọ pẹ̀lẹ́. Wọ́n ń bọ̀ nìyẹn. Gbogbo wọn ni wọ́n ní kí n bá àwọn ná an. Agbọ̀n tí o bá rí lónìí, lọ́wọ́ mi ni o ti ń rà á, mo sì ti máa ṣà á fún ọ bí mo ṣe ń ṣà á. Ṣílè kan àti sísì, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí o kò bá rà á, mo ní ìkòkò nílé. Èlùbọ́ kì í rà."

Matthias wo ìlà àwọn obìnrin tó ń bọ̀, ó wo ọkọ̀ rẹ̀ tó ṣófo, ó sì mí kanlẹ̀. "Madam, ẹ fẹ́ pa mí."

"O ò ní kú. Ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀."

Ó gbà á ní ṣílè kan àti tọ́rọ́, kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kùdírátù ní òun yóò gba tọ́rọ́ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jà mìíràn, nígbà tí ojú rẹ̀ bá ti balẹ̀. Ó ṣa ọ̀gẹ̀dẹ̀ bó ṣe sọ, èyí tó gbó lọ́tọ̀, èyí tí kò gbó lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìpín tirẹ̀, ìdì kan nínú agbọ̀n méjì méjì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Moríyọ̀, ó gbá èyí tó tóbi jù mú lọ́rùn. Moríyọ̀ gbá ìdí rẹ̀ mú.

"Fi sílẹ̀."

"Ìyá Mùyí, ẹ mú èyí àárín."

"Ta ló bá yín ná an?"

"Ta ló rù ú wá, mà?"

"Ahun ni ọ́. Ìkìrun ló kọ́ ọ ní èyí, kì í ṣe èmi." Ó fi èyí tó tóbi sílẹ̀, ó mú èyí àárín, ó sì fà á fún Mùyídéènì, tó wá bá ìyá rẹ̀ kó ẹrù. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sẹ́yìn Moríyọ̀, ó tú ọ̀já, ó sì gbé Gbémisọ́lá sí èjìká ara rẹ̀.

"Mà?"

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan lo lè fi dù mí. Ọmọ ti já lẹ́nu ọmú, àbí kò já? Yóò wà lọ́dọ̀ mi títí di ọjọ́ ọjà. Sọ fún Àjàgbé pé mo ní igi gbígbẹ nílé mi."

Moríyọ̀ dúró lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀já tó ṣófo lọ́wọ́. Ọmọ náà kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ti fi ìka di gèlè tuntun tó wà lórí Kùdírátù mú, èyí tó ní òdòdó, Kùdírátù sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ, ó ń sọ fún un pé ìyá rẹ̀ yóò ní irú rẹ̀ bí ó bá kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.